Àwọn tó kọ orin West Virginia kò débẹ̀ rí. Ṣé oríkì nìyẹn?

ỌmọAláró | Ọjọ́ Àìkú, 1:40 ọ̀sán

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ìsinmi.

Láàárọ̀ yìí, mò ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, rédíò wà lójú fèrèsé, wọ́n ń fi orin kọ́ńtìrì sí i bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ Ọjọ́ Àìkú. Jim Reeves lọ, Don Williams tẹ̀lé e, ni John Denver bá bẹ̀rẹ̀ "Take Me Home, Country Roads". Ìyàwó mi tó ń di irun ọmọ sọ kóòmù sílẹ̀, ó gbè é. Èmi náà gbè é. Ìgbà tá a dé ibi tó ti ń pe orúkọ ìlú yẹn, tí ohùn wa ti ròkè, ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá yọjú: "Dádì, níbo ni West Virginia wà?" Mo ní Amẹ́ríkà ni. Ó ní apá ibo ní Amẹ́ríkà? Mo ní kó lọ wọ bàtà ẹ̀.

Ojú tì mí ṣá. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ orin yẹn, mi ò mọ ibi tó ń gbé mi lọ. Bá a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mo rí ni mo gbé wá síbí.

John Denver kọ́ ló dá orin náà sílẹ̀. Àwọn méjì kan tí wọ́n jọ ń kọrin ní agbègbè Washington ni, Bill Danoff àti Taffy Nivert. Àpéjọ ẹbí Taffy ni wọ́n ń lọ, lójú ọ̀nà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Clopper Road, ni orin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ sí Danoff lọ́kàn. Maryland ni Clopper Road wà o! Danoff fúnra ẹ̀, ọmọ Springfield ni, ní Massachusetts. Kò fẹsẹ̀ tẹ West Virginia rí. Àní ó rò ó wò bóyá Massachusetts ni kóun fi síbẹ̀, torí bákan náà ni wọ́n ṣe gùn lẹ́nu. Johnny Cash ni wọ́n sì ní lọ́kàn pé àwọn máa tà á fún.

Ìparí oṣù Kejìlá 1970 ni Denver wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan tó ń jẹ́ Cellar Door ní Washington, tòun ti àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn eré, wọ́n ní kí àwọn lọ sílé Danoff, mọ́tò forí sọ lọ́nà, àtàǹpàkò Denver kán. Wọ́n gba ọsibítù lọ, wọ́n di ìka, wọ́n padà délé, wọ́n jókòó ti orin yìí títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi kọ ọ́ fáwọn èèyàn gbọ́.

Ìbéèrè mi nìyí. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó máa kì ìlú ń mọ ẹnu bodè ìlú náà. Ẹni tí kò rí Olúmọ rí kó wá máa kì Ẹ̀gbá, ta ló máa dá a lóhùn? Àwọn ará West Virginia gba orin yìí, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Ìbejì | 1:52

"Mo ní kó lọ wọ bàtà ẹ̀." Ẹ̀rín fẹ́ pa mí o. Bí bàbá gbogbo wa ṣe rí nìyẹn.

Ẹnu_Ò_Sìn | 2:03

Àyìnlá Ọmọwúrà ò tíì tán lórí rédíò, ẹ ń wá West Virginia kiri.

ỌmọAláró | 2:05

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ẹ̀gbọ́n. Àyìnlá la gbọ́ sùn lánàá. Ààyè wà fún méjèèjì.

BàbáRédíò | 2:47

Àbúrò, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i.

Ẹ ní Danoff kò dé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ rédíò kan wà ní ìlú Wheeling, ní West Virginia níbẹ̀, WWVA lorúkọ ẹ̀. Wátì 50,000 ni wọ́n fi ń fọ́n ohùn sáfẹ́fẹ́, lórí AM. Ẹ̀yin ọmọ FM ò ní mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ohùn FM, ibi tójú rẹ̀ bá tó ló máa ń dé, bí òkè bá dí i, ó parí. Ti AM yàtọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, ohùn á gòkè, á kan ìpele kan lójú sánmà, á ṣẹ́rí padà sílẹ̀ níbi tó jìnnà réré sí ibi tó ti kúrò. Ìdí nìyẹn tí ọmọdé kan fi lè sùn ní Massachusetts kó máa gbọ́ orin kọ́ńtìrì láti Wheeling, tí ohùn náà á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí Danoff ṣe mọ West Virginia nìyẹn. Inú àpótí ló ti mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi ní rédíò onígi kan nílé wa ní Ìlá Ọ̀ràngún. Lóru, a ó gbọ́ Accra, a ó gbọ́ Cotonou, a ó gbọ́ ibi tá ò mọ orúkọ ẹ̀. Bàbá á fi ìka méjì yí bọ́tìnnì yẹn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá kókó lára ọmú ewúrẹ́. Títí dòní mi ò dé Accra. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè nípa hàílàìfù wọn.

Ó kù nípa bí wọ́n ṣe gbà á. Oṣù Kẹrin 1971 ni RCA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo orin, gbé àwo kékeré náà jáde. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ó ti dé ipò kejì lórí Hot 100 ti Billboard, àtẹ tí wọ́n fi ń to àwọn orin tó gbajúmọ̀ jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti fún un ní àmì wúrà. Ẹ wá yíjú sí àtẹ àwọn oníkọ́ńtìrì gan-an. Ipò 50 ló mọ. Orin tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí pé kọ́ńtìrì nìyí, àwọn onílé ò fún un ní àga!

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn, ní 1975, ẹgbẹ́ àwọn oníkọ́ńtìrì tó ń jẹ́ CMA, ní Nashville tó jẹ́ ojúlé orin kọ́ńtìrì, fẹ́ fi oyè dá olórin tó ta yọ jù lọ́dún náà lọ́lá. Charlie Rich tó gba oyè náà lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n ní kó wá ka orúkọ. Ó ṣí ìwé, ó rí orúkọ John Denver, ó fa láítà yọ lápò, ó fi iná sí ìwé náà lójú gbogbo èèyàn, lórí tẹlifíṣàn, kó tó wá pe orúkọ. Ọmọ ẹ̀ ti bá a gbèjà pé oògùn ìrora àti ọtí ló pàdé nínú bàbá òun, kì í ṣe ìkórìíra. Èmi ò mọ èrò inú ẹnì kan. Mo ṣáà mọ̀ pé ìwé jó. Denver ò sí níbẹ̀, orí sátẹ́láìtì ló ti ń dúpẹ́, kò mọ̀ pé orúkọ òun ti di eérú.

Ìyá_Ìbejì | 2:55

Ha! Kí ló ṣe wọ́n tí wọ́n bínú tó báyẹn?

BàbáRédíò | 3:10

Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ àwọn. Henry John Deutschendorf lorúkọ tí òbí ẹ̀ sọ ọ́, Roswell ní New Mexico ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ jẹ́ sójà òfurufú, ibi gbogbo ló gbé dàgbà. Irun gígùn, awò ojú róbótó. Lójú àwọn àgbà Nashville, olórin ìgboro ló wá jí aṣọ àgbẹ̀ wọ̀. Lọ́dún tó ṣáájú, Olivia Newton-John tó dàgbà ní Australia ló gba oyè olórin obìnrin, inú bí àwọn àgbà, wọ́n pàdé nílé George Jones àti Tammy Wynette, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílé ni gbogbo ẹ̀.

Àjàlá_Onítírélà | 3:38

Ẹ kú ìjókòó o. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ ọ́, mo ti páàkì, kẹ́ ẹ má bàa sọ pé mò ń tẹ fóònù lórí eré.

Amẹ́ríkà níbí ni mo ti ń wa tírélà, ọ̀nà márosẹ̀ I-81 ni mo máa ń fi gbé ẹrù lọ sókè. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín. Òkè Blue Ridge àti odò Shenandoah tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ nínú orin yẹn, Virginia ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Virginia, kì í ṣe West Virginia! Ìpínlẹ̀ méjì ni wọ́n, láti 1863 ni West Virginia ti yà kúrò lára Virginia nígbà ogun abẹ́lé wọn. Ní Virginia, I-81 gùn tó máìlì 324, o ó wà á títí ìdí á fi kú, àwọn òkè yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ tí o bá ń lọ sókè. Ní West Virginia, máìlì 26 péré ni. Bí o bá ṣí gúgúrú nígbà tó o wọlé, o ò ní tíì jẹ ẹ́ tán tó o fi máa jáde.

Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fi kí West Virginia nínú orin, ohun ìní àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni, ẹ̀gbọ́n ló sì ni púpọ̀.

Kí n má parọ́ ṣá, ibì kan wà. Ṣóńṣó ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ yẹn, Harpers Ferry, níbẹ̀ ni Shenandoah ti bọ́ sínú Potomac, òkè Blue Ridge náà sì fi ẹsẹ̀ kan débẹ̀. Mo fi ọkọ̀ ẹrù sílẹ̀ ní Martinsburg lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi fi mọ́tò kékeré gbé mi lọ. Òjò ti rọ̀ lánàá ọjọ́ náà. Odò kan pupa bí omi àmàlà tí wọ́n ro ìyẹ̀fun sí, èkejì mọ́ díẹ̀, wọ́n jọ ń sàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ láì dàpọ̀. Mo jókòó lórí àpáta, mo jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú sàdíìnì. Ọkọ̀ ojú irin gígùn kan ń gba orí afárá kọjá, mo ka táńkì ẹ̀, mo ka ọgọ́ta, ó sú mi. Ibi tó dáa ni. Ẹni tó bá kọrin nípa ibẹ̀, mi ò ní bá a jà.

ỌmọAláró | 3:44

Nítorí náà wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n igun kan ni wọ́n fi ṣe gbogbo ilé.

Àjàlá_Onítírélà | 3:46

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bọ̀dá mi.

Kọ́lápọ̀_Èédú | 4:20

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n ba adùn yín jẹ́ díẹ̀.

Enúgu ni wọ́n bí mi sí, ní Coal Camp. Bàbá mi jẹ́ akọ̀wé nídìí iṣẹ́ èédú ilẹ̀ níbẹ̀. Mo mọ aṣọ funfun tí wọ́n sá tí kì í funfun. Mo mọ ìkọ́ tí àwọn bàbá máa ń wú láàárọ̀, tó dà bí ẹni tó ń fa àga lórí símẹ́ǹtì. Gbogbo wa nínú agbo ilé yẹn la mọ ìtàn November 18, 1949, tí ọlọ́pàá ìjọba òyìnbó yìnbọn lu àwọn awakùsà ní Iva Valley, tí mọ́kànlélógún kú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí mo bá gbọ́ orin tó ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ èédú bíi pé ilẹ̀ ayọ̀ ni, ara mi kì í gbà á. Ẹ wo àkókò tó jáde. November 20, 1968, kòtò èédú bú gbàmù ní Farmington, West Virginia, ènìyàn 78 kú. Wọ́n dí ẹnu kòtò náà pa nígbà tí iná ò kú, ọ̀pọ̀ òkú wà nínú ẹ̀, mọ́kàndínlógún nínú wọn ò jáde títí láé. February 26, 1972, ìdídò ìdọ̀tí èédú já ní Buffalo Creek, omi dúdú gbá abúlé lọ ní ìtẹ̀léra, ènìyàn 125 kú, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ di aláìnílé. Àwọn tó ni ìdídò sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Sáàárín òkú wọ̀nyẹn ni orin yìí bọ́ sí, kò sì mọ̀. Eruku dúdú tó dárúkọ, ó kàn fi kun ojú sánmà ni. Kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kankan.

Ẹ wo Loretta Lynn ní tiẹ̀. Butcher Hollow ní Kentucky ni wọ́n bí i sí, bàbá ẹ̀ wa èédú. Orin tiẹ̀ nípa ọmọ awakùsà jáde ní 1970, àwọn oníkọ́ńtìrì sì gbé e dé ipò kìíní. Nínú ẹ̀ lo ti máa rí ìka ìyá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lára pátákó ìfọṣọ. John Prine náà, ní 1971 yẹn kan náà, kọrin ìlú òbí ẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ èédú ti hú kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀, ó máa ń mọ ohun tó ń dùn ún níbẹ̀.

Oríkì kọ́ ni ti Denver yẹn. Káàdì ìkíni ni.

Ẹnu_Ò_Sìn | 4:26

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di ọ̀rọ̀ gidi. Mo jókòó báyìí.

Onígìtá_Ìbàdàn | 5:02

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀, mo gbọ́ yín, mo sì kí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú orin, torí iṣẹ́ mi ni.

Kíì A ni wọ́n fi lù ú. Kọ́ọ̀dù ẹ̀ ni A, F#m, E, D. Ọmọ tó gbé gìtá lóṣù mẹ́ta á lù ú. Ẹ wá dé àárín, ibi tí orin ti dẹwọ́, tó ti ń sọ pé òun gbọ́ ohùn ẹ̀ láàárọ̀. BàbáRédíò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀: rédíò ló dárúkọ! Ó ní rédíò ló ń rán òun létí ilé tó jìnnà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ọ̀dù G kan ṣàdédé wọlé. G kì í ṣe ọmọ ilé A rárá, àlejò ni. Àárín ìgbà tí ó ń sọ pé òun ń wa mọ́tò lọ, tí nǹkan kan ń ṣe òun, ni àlejò yẹn yọ. Inú rẹ á ṣí wọ̀ọ̀, o ò ní mọ ìdí. Mo ti lu orin yìí níbi ìgbéyàwó, níbi ọjọ́ ìbí àwọn bàbá onífìlà, tí ọtí ti wọra, G yẹn ló máa ń mú kí wọ́n dìde. Ohun tí Danoff ò mọ̀ nípa ilẹ̀, ó mọ̀ ọ́n nípa ẹni tó ń lọ ilé tí ilé ò sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí ló kàn wá: gìtá pedal steel, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì tí ohùn ẹ̀ ń yọ́ bí ẹni tó ń sunkún, àwọn oníkọ́ńtìrì ló fi í ṣe ohùn wọn. King Sunny Adé gbé e wọnú jùjú. Ẹ lọ gbọ́ àwo Juju Music tó jáde ní 1982, Démọ́lá Adépọ̀jù ló wà nídìí ẹ̀. Démọ́lá yìí kan náà ni Paul Simon fi sínú àwo Graceland ní 1986. Nashville sí Ìbàdàn ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì | 5:09

Toots ti Jamaica náà kọ ọ́, àbí? Mo rántí pé ó yọ West Virginia, ó fi West Jamaica sí i. Ṣé àwa náà ò lè fi Èkìtì sí i ni? Òkè kún ibẹ̀.

Onígìtá_Ìbàdàn | 5:24

Mọ̀mí, ẹ ti fọwọ́ kan nǹkan. Òyìnbó lè yọ Massachusetts kó fi West Virginia sí i, Toots lè fi Jamaica sí i, torí èdè wọn ò ní ohùn bíi tiwa. Kí iye sílébù ṣáà sún mọ́ra. Ní tiwa, orúkọ ìlú ti ní orin tiẹ̀ lára kí olórin tó dé. Ìbàdàn, dò-dò-dò. Èkìtì, dò-dò-dò. Àwọn méjèèjì yẹn lè yá ara wọn ní orin. Ìjẹ̀bú, dò-dò-mí, ó ti gòkè lẹ́yìn. Abẹ́òkúta, re-mí-dò-mí-re, ìyẹn tiẹ̀ ti gun Olúmọ ó ti sọ̀ kalẹ̀. Tó o bá fi Ìjẹ̀bú sí àyè Ìbàdàn, èèyàn á gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin ìlú lédè Yorùbá, ó di dandan kó gbọ́ orúkọ ìlú náà dáadáa kó tó la ẹnu.

ỌmọAláró | 5:30

Mo ti ń pe Abẹ́òkúta láti ìgbà tí mo ti dáyé, òní ni mo mọ̀ pé mò ń gun òkè tí mo bá pè é.

Nọ́ọ̀sì_Morgantown | 7:15 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo yín. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìgbà tí mo bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru, oorun ti dá mọ́ mi lójú. West Virginia gan-an ni mo ń gbé, ní Morgantown, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá.

Yunifásítì ìpínlẹ̀ yìí wà nílùú wa. Láti 1972 ni wọ́n ti ń lo orin yẹn níbi ìdíje bọ́ọ̀lù wọn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sá lábíyá, kì í ṣe èyí tá a mọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí pápá tuntun ní September 6, 1980, John Denver fúnra ẹ̀ ló wá kọ ọ́. Lónìí, bí wọ́n bá borí, ẹnì kankan kì í tètè kúrò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù á dúró, àwọn tó wá wòran á gbọ́wọ́ lé ara wọn léjìká, wọ́n á kọ ọ́ láì fò ọ̀rọ̀ kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú mi lọ, òtútù oṣù Kọkànlá, obìnrin àgbà kan tí mi ò rí rí na ọwọ́ ó dì mọ́ mi léjìká. Ife ṣokoléètì gbígbóná wà lọ́wọ́ ẹ̀ kejì, ó ń dà sí mi lára kóòtù, kò mọ̀. Ó ń kọrin, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo ní àbí òkú ni wọ́n ń sìn? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ borí ni o!

Bọ̀dá Kọ́lápọ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa èédú, òótọ́ ni, mo ń rí i lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró dúdú ni wọ́n ń pè é níbí, láì fi bò. Bàbá kan wà tí mo tọ́jú, ó wa èédú fún ọdún púpọ̀, ọ̀pá ọ́síjìn wà nímú ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ kan orin yẹn jáde lórí tẹlifíṣàn. Mo ní, "Bàbá, orin yín nìyí." Ó ní, "Odò yẹn, Virginia ló wà, àwọn òmùgọ̀." Ó wá dákẹ́ kí èémí lè tó o. Bó ṣe tó, ó bá wọn kọ ègbè.

Ó sọ ohun tí orin náà jẹ́ fún un. Ní 1950, èèyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ yìí lé ní mílíọ̀nù méjì. Nígbà tó fi máa di 1970, ó ti wá sí mílíọ̀nù kan àti 744,000. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ wa èédú, àwọn ọmọ lọ sí Ohio àti Michigan láti ṣe táyà àti mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bàbá yìí méjì wà ní Akron, níbi táyà. Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á bọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n á kó ọmọ sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n á wà á wá sílé, wọ́n á padà ní Ọjọ́ Àìkú. Ó ní gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà á kún fún mọ́tò àwọn ará ilé. Ó ní bí wọ́n bá gun afárá Ohio River, tí orin yẹn bá wà lórí rédíò, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun á ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ọmọ má jí, ọkọ ẹ̀ á sì tún yí i sókè.

Ẹ ò rí i pé àwọn tó kọ́kọ́ gba orin yẹn, àwọn náà ò sí nílé. Wọn ò nílò kí ẹnì kan sọ fún wọn pé èédú ń pa èèyàn. Èédú ló lé wọn kúrò.

Ní March 2014 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wá fi ọwọ́ sí i pé kó di ọ̀kan lára orin ìpínlẹ̀. Denver ti kú nígbà yẹn, ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń dá wà ló já bọ́ sínú òkun ní California ní October 1997. Bàbá mi yẹn náà ti lọ báyìí. Wọ́n kọ ọ́ níbi ìsìnkú ẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú wọn, ìlú Ìkirè sì ni mò ń rí lójú mi.

Ìyá_Ìbejì | 7:21

Mọ̀mí, ẹ ti pa mí lẹ́kún. Ọlọ́run á mú yín délé o.

Kọ́lápọ̀_Èédú | 7:58

Mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì. Ẹ kú iṣẹ́ àánú. Mi ò gbà tán o, mo ṣì ń wò ó pé orin tó bá lè mú ẹni tí èédú pa kọ ègbè, kò yẹ kó fi èédú ṣe ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó pè wọ́n ní òmùgọ̀ tó tún bá wọn kọ ọ́ yẹn, mo mọ irú ẹ̀. Bàbá mi bú Enúgu títí ó fi kú. Ìgbà tá a dé Ògbómọ̀ṣọ́, Enúgu ló ń sọ ṣáá.

Àjàlá_Onítírélà | 8:15

Mo ti tún dé ojú ọ̀nà. Mo ti wọ máìlì 26 yẹn. Mo kí yín láti West Virginia.

Àjàlá_Onítírélà | 8:47

Mo ti jáde. Maryland ni mo wà báyìí, níbi tí orin ti bẹ̀rẹ̀.

ỌmọAláró | 9:05 alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo pe ọmọkùnrin yẹn, mo ṣí máàpù, mo fi ibẹ̀ hàn án: ibi tó rí ṣágiṣàgi yìí ni, láàárín Ohio àti Virginia. Mo sọ ti rédíò fún un, mo sọ ti ìwé tó jó, mo sọ ti bàbá awakùsà. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, ó lọ wẹ̀.

Mò ń gbọ́ ọ báyìí nínú balùwẹ̀. Ó ti yọ West Virginia, ó ti fi Abẹ́òkúta sí i. Sílébù ti lé, ohùn ti wọ́, kò bá ara mu níbì kankan. Ìyàwó mi wà ní kíṣìnì, ó ń gbè é fún un.

Onígìtá_Ìbàdàn | 9:11

Ẹ ní kó sáré pe "Abẹ́", kó wá fa "òkúta". Mo ti gbé gìtá, ó fẹ́ẹ̀ bọ́ sí i.